Kíkọ́ ọmọdé ní iyì owó nílẹ̀ Yorùbá

Kíkọ́ ọmọdé ní iyì owó nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ ilé. Òun ni àwọn òbí, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ fi ń mú kí ọmọ mọ bí a ṣe ń ka owó, bí a ṣe ń wá a, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní ilé ìwé tirẹ̀. Ìdí àtẹ, inú kólò àti ẹnu ìyá tó ń ná ọjà ni ọmọ ti ń rí i kọ́. Nítorí pé owó gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ohun tó bá ṣe owó máa ń ṣe ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú. Owó ẹyọ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kọ́bọ̀ àti ṣílè kọ́ ọ ní ìfowópamọ́, náírà tí iyì rẹ̀ ń dínkù sì ti sọ ìfowópamọ́ di ohun tó ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọdé.

Owó ẹyọ àti ìṣirò

Kí owó irin ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbòde, owó ẹyọ ni àwọn Yorùbá ń ná. Ìkarahun ẹ̀dá kékeré inú òkun ni. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tó kọ́kọ́ wọ́pọ̀ ti wá. Nígbà tó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún 19, àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn tó tóbi jù ú lọ wá láti agbègbè Zanzibar, èyí sì mú kí owó pọ̀ lọ́jà kí iyì rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò tí ó gba 20,000 ẹyọ. Títí di òní, àwọn oníròyìn Yorùbá ṣì ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ kò mọ̀ pé àpò owó ẹyọ ni wọ́n ń dárúkọ.

Kíkà owó yìí ni ilé ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ fún ọmọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ilẹ̀ Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1887 nípa òǹkà Yorùbá, nínú èyí tó ti so òǹkà náà mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọn a da owó sílẹ̀, wọn a máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di òkìtì ogún, òkìtì ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Orúkọ àwọn òǹkà tẹ̀lé ọ̀nà kan náà: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Èyí tó máa ń ya àjèjì lẹ́nu jù ni ìyọkúrò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ogún tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì jẹ́ ẹgbẹ̀ta tí ó dín ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó dárúkọ iye ọjà ti ṣe ìṣirò kan láìmọ̀ pé òun ṣe é.

Owó tún fi àmì sílẹ̀ nínú gírámà. Nínú ìkà owó, owó kan di oókan, owó méjì di eéjì, owó mẹ́ta di ẹẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni èló àti mélòó kò rọ́pò ara wọn: èló la fi ń béèrè iye owó, mélòó la fi ń béèrè iye nǹkan. Ọmọ tí kò tíì lè ra ohunkóhun ti mọ̀ láti inú èdè pé owó ní ìbéèrè tirẹ̀. Eré ayò, tó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọpọlọ àwọn ọmọkùnrin lábẹ́ igi.

Ìdí àtẹ

Òwò obìnrin gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ìdí àtẹ ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan owó tí kì í ṣe tiwọn. Wọn a kọ́kọ́ ru ẹrù, wọn a wá máa ṣọ́ àtẹ, lẹ́yìn náà ni a óò gbé ìwọ̀nba ọjà lé wọn lọ́wọ́. Ìyá lè ka ogún ọsàn sínú abọ́, kí ó sì sọ iye tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú padà wálé. Bí owó kò bá pé, ọmọ ni yóò ṣàlàyé.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàrin ojú owó àti èrè. Èrè ni a lè jẹ. Ẹni tó bá jẹ ojú owó kò ní ohun tí yóò fi ra ọjà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà sì burú ní ẹnu oníṣòwò débi pé wọ́n máa ń fi í ṣe ìkìlọ̀ fún ọmọ kí ó tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ tún ń kọ́ bí a ṣe ń ná ọjà: iye tí a kọ́kọ́ ń pè, iye tí a lè já a sí, àti ìgbà tí ó yẹ kí a jẹ́ kí oníbàárà máa lọ kí ó lè padà. Ó ń kọ́ ìgbà tí a ń fi èènì sí i àti ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ tà fún ní àwìn. Lọ́pọ̀ ilé, ó tún ń rí i pé owó òwò ìyá yàtọ̀ sí owó bàbá, àti pé bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé pọ̀, ọ̀kan kì í ṣàdédé kó ti èkejì.

Ìbéèrè kan sì wà tí kò sí ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: níbo lo ti rí i? Ohunkóhun tí ọmọ bá mú wọlé tí kì í ṣe òbí ló rà á ni a óò fi béèrè, ìbáà jẹ́ bisikíìtì kan ṣoṣo. Owó tí àlejò bá fún ọmọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìyá. Nígbà ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ìyá a gba owó ọdún náà pé òun yóò bá a tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ṣì ń retí tiwọn.

Ìwọ̀fà

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló kọ́ iyì owó ní ìrọ̀rùn. Láyé àtijọ́, òbí tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Samuel Johnson, tó parí ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Iṣẹ́ náà ni èlé, ojú owó sì dúró bó ṣe wà títí ẹnì kan yóò fi rí i san. Ìwọ̀fà àgbà lè padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọdé sábà máa ń gbé ní ilé olówó. Ọdún lè gorí ọdún tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí gbèsè bàbá rẹ̀ má sì dín ẹyọ kan.

Kólò, àjọ àti èsúsú

Kólò ni àpótí ìfowópamọ́ tí a fi amọ̀, igi tàbí páànù ṣe. Ihò tóóró kan ló ní, owó ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sì lè gba ibẹ̀ jáde. Kólò amọ̀ kò ní ìlẹ̀kùn rárá, fífọ́ ni a ń fọ́ ọ, nítorí náà ọmọ tó bá yọwọ́ sí owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé yóò pàdánù kólò náà. Òpin ọdún ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fọ́ tiwọn. Àwọn kan a máa fi abẹ́ fa owó jáde láti inú kólò onígi, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí òbí kò pète.

Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, tàbí tó wọ ẹnu iṣẹ́ ọwọ́, yóò bá àjọ àti èsúsú pàdé. Nínú èsúsú, ènìyàn mẹ́wàá lè máa dá 1,000 náírà lọ́sẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 10,000 nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà ti jẹ àwọn yòókù ní gbèsè, ẹni tó gbà kẹ́yìn ti yá wọn lówó láìgba èlé, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló sì so wọ́n pọ̀. William Bascom kọ àpilẹ̀kọ tó gbajúmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1952. Ètò náà bá àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú sọdá òkun, wọ́n ṣì ń pè é ní susu ní Trinidad. Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀ díẹ̀: alájọ a máa gba iye kan náà lójúmọ́, yóò sì mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá yìn pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú ti gbọ́ pé ọkùnrin náà ta mọ́tò mẹ́ta kí ó lè ra kẹ̀kẹ́.

Ọjà kíkiri àti òfin

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tó jáde ní 2003, ka lílo ọmọdé fún ọjà kíkiri léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó di oníṣòwò ńlá ń fi ọjà kíkiri ìgbà èwe yangàn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbójú fò ni pé àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọmọ ni wọ́n ti kiri, kì í ṣe àárín mọ́tò ní òpópónà márosẹ̀. Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé ń kọ́ òwò. Èyí tí kò lọ sílé ìwé rárá nítorí àtẹ orí rẹ̀ súnmọ́ ìwọ̀fà ju akọ́ṣẹ́ lọ.

Láti ṣílè dé fóònù

Owó irin Gẹ̀ẹ́sì mú orúkọ tuntun wá: onínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Wọ́n lu ihò sáàárín àwọn kéékèèké, ó sì ṣeé sín sí okùn bí owó ẹyọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, àwọn àgbà sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́dún náà, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní ìparí 2024, ó lé ní 1,500 náírà kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Kọ́bọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ó ku orúkọ. Owó irin tuntun tí ìjọba gbé jáde ní 2007 kò sì rìn jìnnà. Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún kólò kò kéré: ọmọ tó fi sùúrù tọ́jú owó fún ọdún kan lè fọ́ kólò rẹ̀ kí ó rí i pé owó náà pé, àmọ́ ohun tó fẹ́ rà ti kọjá agbára rẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ń jẹ ojú owó rẹ̀ nígbà tí òun kò fọwọ́ kàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 pẹ̀lú, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ bébà owó 200, 500 àti 1,000 náírà, kò sí ohun tó dájú nípa owó àtijọ́ tó wà nínú kólò títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n máa ná an di òpin ọdún náà.

Ọ̀wọ́n owó bébà ti 2023 tún ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò sí gbígba owó láti inú báńkì sí báńkì. Lọ́pọ̀ ìdí àtẹ báyìí, ọmọ kì í ka owó mọ́. Òun ni wọ́n ń gbé fóònù fún kí ó wò ó bóyá owó oníbàárà ti wọlé, kí ó sì ka òdo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.