Èrò Òdì Mẹ́ta Nípa Oúnjẹ Ọ̀gánííkì

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé oúnjẹ ọ̀gánííkì ni èyí tí a gbìn láìfi ohunkóhun sí i, àti pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa bójú tó oko ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ni yóò sì jẹ ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Èkíní, oko tí a kò fún ní nǹkan kọ́ ni oko ọ̀gánííkì. Ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ti ń gbin àlìkámà sí oko kan tí ń jẹ́ Broadbalk láti ọdún 1843. Apá kan kì í gba ajílẹ̀ rárá. Apá kan ń gba tọ́ọ̀nù 35 ìgbẹ́ ẹran lórí hẹ́kítà kan lọ́dọọdún. Ti àkọ́kọ́ kì í ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan àlìkámà lọ. Ti èkejì ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kò bèèrè bóyá inú àpò tàbí inú ilé ẹran ni oúnjẹ rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ewúrẹ́ mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ yín ní? Ní ọdún 2021, ìjọba Sri Lanka ṣàdédé fi òfin de ajílẹ̀ ilé-iṣẹ́ nígbà tí ìgbẹ́ ẹran kò tí ì tó. Ìrẹsì dínkù gidigidi, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà kí ọdún tó parí.

Èkejì, kì í ṣe pé a kì í fín oògùn kankan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ọ̀gánííkì gba àgbẹ̀ láàyè láti lo oògùn tí a fi bàbà ṣe, bí bàbà náà kò bá ti ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje. Ẹni tí ó bá dàgbà ní oko kòkó, ìbáà ṣe ní Gánà, ní Kamẹrúùnù tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá, mọ oògùn bàbà. Òun ni a fi ń gbógun ti àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Bàbà kì í sì í jẹrà: inú ilẹ̀ ni ó ń kó jọ sí. Ìdí nìyí tí a fi dá ìwọ̀n lé e.

Ẹ̀kẹta, orúkọ kì í pa kòkòrò àrùn. Ní Jámánì, ní ọdún 2011, èéhù irúgbìn tí ó ti oko ọ̀gánííkì kan wá gbé àrùn inú kiri. Ó ju 50 ènìyàn lọ tí ó kú. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní oko mìíràn pẹ̀lú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òfin ọ̀gánííkì ti Amẹ́ríkà ní bí a bá fi ìgbẹ́ tútù sí oko, ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 120 kí a tó kórè ewébẹ̀ tí ń fara kan ilẹ̀.

N kò sọ èyí láti bu ọ̀nà náà kù. Ilẹ̀ tí ń jẹ ìgbẹ́ ẹran a máa rọ̀, a sì máa di omi mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìkáwọ́gbera. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgbẹ́ adìẹ àti koríko jọ kí òjò tó dé, ẹ jẹ́ kí ó jẹrà dáradára, ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ láti fọ ewébẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.