ÌLẸ̀KÙN ÈÉFÍN ÀÀRÒ KÒKÓ

Oòrùn ló dára jù láti sá kòkó sí, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá tí kòkó ń pọ́n, òjò kì í tíì dá. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi kọ́ ààrò tí wọ́n ń pè ní Samoan: àgbá irin tí a so pọ̀ sábẹ́ àtẹ kòkó, iná ń jó lẹ́nu rẹ̀, èéfín ń gba páìpù jáde lẹ́yìn. Ooru nìkan ló yẹ kó kan kòkó.

Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà nínú páìpù náà, tí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ yọ síta kí a lè máa yí i. Ìlẹ̀kùn èéfín la ó máa pè é. Bí ó bá há ní títì, èéfín á padà sẹ́yìn, á gba ojú oríkèé àgbá yọ sábẹ́ kòkó. Kòkó tó bá ti fa èéfín mu, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ mọ́. Oníbàárà á já owó rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bí ó bá há ní ṣíṣí, ooru á máa bá èéfín lọ, igi ìdáná yóò sì máa run lásán.

Ẹ jẹ́ kí iná kú, kí páìpù tutù pátápátá. Kí ẹnì kan máa yí ọwọ́ ìdìmú, kí ẹlòmíràn fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Nígbà mìíràn ọwọ́ ń yí, irin inú kò yí, nítorí bóòtù tó so wọ́n pọ̀ ti já. Ìyẹn kò le. Bí ó bá jẹ́ màjàlà ló dì í mú, ẹ fi ọ̀bẹ àlòkù ha á kúrò, kí ẹ máa fi òòlù kékeré gbá ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan a máa da kẹrosíìnì sí i. A kò fara mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ lè wọ kòkó.

Bí irin náà bá ti dípẹtà, kí wẹ́dà gé òmíràn lára irin tó nípọn. Ẹ má lo páànù òrùlé: ó fẹ́lẹ́, síǹkì tí wọ́n fi bò ó sì ń tú èéfín olóró jáde bí iná bá mú un gan-an. Kí wẹ́dà gé díẹ̀ kúrò létí irin tuntun náà, kí ó má baà dí páìpù tán. Ẹ̀yinná tí a bá ti ìlẹ̀kùn pa mọ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹni tó ń ṣọ́ iná lóru kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé ààrò.

Kí ẹ tó da kòkó sórí àtẹ, ẹ dá iná, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ sọ ewé tútù díẹ̀ síná. Bí èéfín bá ṣì ń yọ lábẹ́ àtẹ, àgbá ló ti lu. Amọ̀ kì í pẹ́ lára irin gbígbóná; ẹ pààrọ̀ àgbá náà.

Nígbà tí iná bá ti ràn dáadáa, ẹ yí ìlẹ̀kùn dé ìdajì. Kò yẹ kí ooru tó ń kan kòkó kọjá 60 dígírì Celsius. Bí ó bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, igi ni kí ẹ fà jáde lẹ́nu àgbá. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn.