Èrúwà Kò Ní Ààlà Iléèwé

Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, rán ìyá ọlọ́mọ kan lọ sẹ́wọ̀n, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ ló fi forúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níléèwé ìjọba tó wà ládùúgbò bàbá náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ìlú Akron tó wà nítòsí. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ìyá àgbà kan ní Òkè-Ọba, Èrúwà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Á ní èwo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ilé bàbá ìyá kì í ṣe ilé ọmọ ni?

Òfin tiwa ní Nàìjíríà náà mẹ́nu ba ẹ̀wọ̀n fún òbí, àmọ́ ibòmíràn ló kọjú sí. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ síléèwé rárá ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UBE tọdún 2004 ń bá wí. Nígbà àkọ́kọ́, wọn á fẹnu bá a wí. Tó bá tún ṣe é, á san náírà 2,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di náírà 5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Àdúgbò tí ọmọ ti jáde wá kò kan òfin náà. (Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n mú un lò bó ṣe wà nínú ìwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n á kún kí oòrùn tó wọ̀.)

Owó ló mú kí ààlà iléèwé le tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Apá ńlá nínú owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà iléèwé ìjọba níbẹ̀ ń wá látinú owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn. Ibi tí ilé bá ti wọ́n, iléèwé ibẹ̀ á rówó ná. Ibi tí ilé bá ti pọ̀kú, iléèwé á máa wojú. Àwọn òbí kan ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, pé kò dọ́gba. Lọ́dún 1973, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní òfin orílẹ̀-èdè kò fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí wọ́n ń béèrè, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ra ilé ní Houston fi máa ń béèrè ẹkùn iléèwé tí ilé náà bọ́ sí kó tó béèrè iye yàrá.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjìnnà ni wọ́n ń wò. Bí àwọn tó fẹ́ wọ iléèwé ìjọba kan bá pọ̀ ju àyè lọ, wọn á kọ́kọ́ mú ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Lọ́pọ̀ ibi, wọn á tún mú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á wọn ilẹ̀ láti ilé ọmọ dé iléèwé. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà, tàbí ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e, ni òbí ń mọ iléèwé girama tó bọ́ sí ọmọ wọn lọ́wọ́, oorun kì í sì í kun ojú púpọ̀ ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, lóru ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ohun kan wà nínú ìlànà wọn tó máa dùn mọ́ àwọn aládùúgbò wa ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n lọ sọ́wọ́ olùkọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni ọgbọ̀n bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì, wọ́n lè gba èkejì rẹ̀ kún un. Ẹni tó kọ òfin yẹn lè máà mọ ìlú ìbejì, àmọ́ ó mọ̀ pé a kì í ya Táíwò kúrò lára Kẹ́hìndé.

Ní Èrúwà, ilé kì í ṣí tẹ̀lé iléèwé. Ọmọ ló ń ṣí.

Ìlú àgbẹ̀ ni ìlú yìí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí sábà máa ń ní ibùgbé méjì: ilé nínú agboolé láàárín ìlú, àti abà lóko. Ilé ìlú ni ilé òkú àti ọdún, ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó. Abà ni ibi tí oúnjẹ wà. Bí ọmọ bá tó iléèwé lọ, bàbá kì í tìtorí rẹ̀ ta oko, kì í sì í lọ háyà ilé. Wọn á dì í lẹ́rù, wọn á gbé e gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ìyá àgbà nílùú. Bí ìyá àgbà kò bá sí, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí ti ìyàwó pásítọ̀, tàbí ti tíṣà fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, abà á máa fi gààrí àti àgbàdo ránṣẹ́, ọmọ á sì padà sóko bí wọ́n bá gba ìsinmi.

Bó bá di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tí iléèwé wọlé, ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì héèdìmásítà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ láti ọdún dé ọdún.

“Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ tí mo sọ fún yín nìyí.”

“Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ ọmọ mi ni. Bàbá rẹ̀ ń bẹ lóko.”

“Níbo lẹ ń gbé nílùú báyìí, mà?”

“Háà, ọ̀gá tíṣà! Ilẹ̀ wa kọ́ lẹ kọ́ iléèwé yìí lé ni?”

Kò sí ìwé àdírẹ́sì tó jùyẹn lọ. Lọ́pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí kan ló yọ ilẹ̀ iléèwé fún ìjọ tàbí fún ìjọba láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ẹbí náà kò sì gbàgbé. Iléèwé ló wá bá ilé; ilé kọ́ ló lọ bá iléèwé.

Ààlà ti wà rí ṣá, ti ìsìn ni. Kí ìjọba tó dá sí i, ìjọ ló ni iléèwé, orúkọ wọn ṣì wà lára ògiri títí dòní: Baptist Day School, St. Paul's, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Mùsùlùmí tó wọ ibẹ̀ lè jáde pẹ̀lú orúkọ Joseph. Ọ̀kan lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen ní Èkó lọ́dún 1923 nìyẹn: kí ọmọ ìmàle lè kàwé láìpààrọ̀ ẹ̀sìn. Nígbà náà, bí òbí bá ń yan iléèwé, ẹ̀sìn àti owó ló ń wò. Ó lè jẹ́ pé iléèwé tó sún mọ́ ọn jù ló máa gbójú fò.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ló yí ìyẹn padà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Stephen Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1952. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣe olórí ìjọba tó mú un ṣẹ, ọkùnrin tí òun alára kàwé kiri ìlú onílùú àti ilé onílé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé lé díẹ̀ ní 456,000 lọ́dún 1954. Nígbà tó fi máa di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Tíṣà á ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì. Bí ìka rẹ̀ bá kàn án, ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà, kó wọlé. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò kàn án sunkún lọ sílé, wọ́n sì ń fi ọwọ́ náà dánra wò lójoojúmọ́ títí di ọdún kejì. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tó ti wá.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbàjọba lọ́dún 1979, tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé iléèwé girama. Ìgbà yẹn gan-an ni iléèwé wá ń tọ ilé lọ. Ìlú tó bá lè yọ ilẹ̀, tó lè dá owó kọ́ yàrá ìkàwé mélòó kan, á tọrọ iléèwé girama tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì rí i gbà. Ìwúrí ńlá ni fún abúlé láti ní pátákó tí wọ́n kọ Community High School sí. Èmi kò ní bá àwọn tó ń bú ìgbà yẹn bú u, torí ọmọbìnrin tí wọn ò ní gbà láyè kó lọ gbé ìlú mìíràn rí ìwé kà nígbà náà nítorí iléèwé tó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ilé ni ìlú lè kọ́. Ìlú kò lè kọ́ tíṣà fíṣíìsì.

Ibẹ̀ ni ẹkùn iléèwé tòótọ́ wà ní Ìbàràpá, ó sì pamọ́ nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àjọ SUBEB ló ń pín olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọ TESCOM ló ń pín ti girama. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lẹ́yìn ìpín náà. Tíṣà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ síléèwé aládàáni ní Bódìjà, kò ní fẹ́ sun Èrúwà. Ọ̀nà Ìdó jìn, owó ọkọ̀ wọ́n. Á máa dé lọ́jọ́ Ajé nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, á ti wà nínú ọkọ̀ Ìbàdàn ní ọ̀sán Ẹtì, láàárín kan á sì máa wá ẹni tó mọ ẹni tó lè gbé e kúrò. Mi ò bú u. Ohun tí ìyá ará Houston ń ṣe lòun náà ń ṣe, ó ń jókòó ti iléèwé tó dára fún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bí òun ṣe yan ilé tirẹ̀ ló ń sọ irú iléèwé tí ọmọ Èrúwà máa rí.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé iléèwé dé ilẹ̀ yìí mọ èyí. Wọ́n sábà máa ń kọ́ ilé ọ̀gá iléèwé sínú ọgbà, a sì lè fi òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká ṣe ẹlẹ́rìí: inú ọgbà ìjọ àti iléèwé St. Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀gá, ló dàgbà sí. Lọ́pọ̀ iléèwé lónìí, òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ká lọ, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀.

Ìjọba kò sàì mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, Muhammadu Buhari tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà kéde ètò tuntun fún àwọn olùkọ́: owó oṣù tó ga sí i, àjẹmọ́nú fún ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìgbèríko, àti ilé olówó pọ́ọ́kú fún wọn níbẹ̀. Èyí tó di òfin nínú ìkéde náà ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n sún dé ọdún 65 nínú òfin tọdún 2022. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí Ṣèyí Mákindé di gómìnà, ní oṣù Èbìbí 2019, ló fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé ìjọba. Ìjọba méjèèjì, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ṣe ohun tó rọrùn láti kéde. Ilé tíṣà ló nira.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ààbò tún wọ̀ ọ́. Ìjínigbé ti ń dà wá láàmú kí àwọn apànìyàn tó ya wọ Igangan, ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje, ní òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdu 2021. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi abà sílẹ̀ wálé. Ìdílé tó ti ń gbé ọmọ nìkan wá sílùú tẹ́lẹ̀ wá kó ara wọn wá tán, bàbá àti ìyá, wọ́n ń sùn nínú agboolé, wọ́n ń lọ oko lọ bọ̀ nígbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀.

Àwọn tó rí jájẹ ti já ara wọn gbà. Àwọn olùkọ́ Pólì Adéṣeun Ògúndoyin tó wà nílùú, àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń kó ọmọ lọ síléèwé aládàáni, bọ́ọ̀sì iléèwé sì ń wá gbé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ibi yòówù kí wọ́n kọ́lé sí. Ilẹ̀ tó wọ́n nílùú ni ti ẹ̀bá títì àti ti ìtòsí Pólì, torí ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kan kún iye tí ejẹ́ǹtì ń pè.

Fún àwọn tó kù, àgùnbánirọ̀ ló ń bá wọn dí àlàfo tíṣà. Láti ọdún 1973 tí wọ́n ti dá ètò NYSC sílẹ̀ ni ìgbèríko ti ń tibẹ̀ rí olùkọ́ ìṣirò, kẹ́mísírì àti fíṣíìsì. Ọ̀dọ́mọdé tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè láti Nsukka tàbí Zaria ni wọ́n máa gbé wá, á lo ọdún kan, á lọ, òmíràn á dé. Ẹni tó bá gbà á síṣẹ́ ló yẹ kó wá ibi tó máa sùn. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ bá pàdé, kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ilé àgùnbánirọ̀ ló máa ń gba àkókò jù: ta ló ní yàrá tó ṣófo, ta ló máa gbẹ́ kànga síbẹ̀, èló ni páànù báyìí. Wọn á dáwó kí òjò tó dé. Wọ́n mọ̀ pé bí yàrá náà bá ń jò, ìwé ìyípadà sí Ìbàdàn ni àlejò náà máa kọ́kọ́ kọ.