Ọkọ̀ Àgbẹ́gi ti Àwọn Àwórì
Irú ọkọ̀ yìí, tí a gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, ni àwọn Àwórì fi ń dẹ àwọ̀n, tí wọ́n sì fi ń ná ọjà lójú ọ̀sà láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì, kí títì ọlọ́dà tó la Òkokomáìkò kọjá, kí a tó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ẹnu àgbà lobì ti í gbó: ní ti orísun àwọn Àwórì, wọ́n ní Olófin Ògúnfúnminíre, ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ló tọ àwo kan lẹ́yìn lójú odò Ògùn títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì, níbi tí àwọn Àwórì ti tàn ká dé Ìdó, Ìbà àti Ọ̀jọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan igi ọkọ̀ yìí. Ó ti gbó.