Fèrèsé Ilé Bàbá: Ta Ni Ó Tọ́ Kí Ó Pàrọ̀ Rẹ̀?

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Ìgbò-Ọrà, tàbí tí ó gba ti Ìbàdàn dé Èrúwà, kò ní pẹ́ kí ó tó rí irú ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ilé amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sì wà láàárín rẹ̀ tí àwọn yàrá kọjú sí ara wọn lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ fi ọjọ́ orí irú ilé bẹ́ẹ̀ hàn kì í ṣe ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òrùlé, fèrèsé ni. A ó rí awẹ́ kan tí ó ti yẹ̀ lórí híńjì, òmíràn tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó, àti òmíràn tí wọ́n ti kàn pa pátápátá nítorí pé ẹni tí ó ni yàrá wà ní Èkó, tí kò sì wálé láti ìgbà pípẹ́.

Irú fèrèsé wọ̀nyí ni ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ẹbí púpọ̀. Ọmọ kan yóò ti ìdálẹ̀ dé, yóò wo ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, ojú yóò sì tì í. Yóò ní kí wọ́n yọ gbogbo pákó náà dànù, kí wọ́n fi onígíláàsì sí i. Àwọn àgbà yóò gbé ojú sókè, wọn yóò bi í pé ta ni ó sọ fún kí ó tó pe káfíńtà. Ẹnu yóò ya ọmọ náà, nítorí oore ni ó rò pé òun fẹ́ ṣe.

Kí a tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé àlejò ni fèrèsé ńlá jẹ́ nínú ilé Yorùbá. Nínú agbo ilé àtijọ́, àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré òṣùpá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Yàrá wà fún oorun àti fún ìpamọ́ ẹrù, òkùnkùn rẹ̀ kò sì dun ẹnikẹ́ni. Bí ihò bá wà lára ògiri rárá, kékeré ni, òkè ni wọ́n sì máa ń dá a sí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Koríko tí wọ́n fi bo ilé máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí àgbàlagbà yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé, òjò kò sì gbọ́dọ̀ rí ara ògiri amọ̀. Lẹ́yìn èyí, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ojú sára ilé rẹ̀ fún ọ̀tá?

Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú bọ̀ láti ilẹ̀ Brazil, wà lára àwọn tí wọ́n sọ fèrèsé gígùn aláwẹ́ méjì di ohun ẹ̀yẹ. Àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti kọ́ bí a ti ń gbẹ́ férémù àti bí a ti ń so awẹ́ fèrèsé kọ́. Àṣà ilé kíkọ́ náà rìn láti Èkó dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì wọ àwọn ìlú Ìbàràpá méjèèje: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Nígbà náà, ẹni tí ilé rẹ̀ bá ní fèrèsé mẹ́rin níwájú, tí ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn wọ́n, kì í ṣe ẹni tí à ń pè láìfi oyè tàbí oríkì kún un.

Igi tí wọ́n lò nígbà náà yàtọ̀ sí ti òde òní. Ìrókò, apá àti ọ̀gànwó ni, igi tí ó ti gbó dáadáa kí wọ́n tó là á. Nítorí náà ni fèrèsé tí ó ti rí òjò àádọ́ta ọdún fi lè jẹ́ pé etí rẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan ni ó jẹrà, tí ìyókù rẹ̀ sì le bí irin. Àwọn tí wọ́n ń yọ irú rẹ̀ dànù tí wọ́n ń fi arère tàbí mẹ̀lánà tútù rọ́pò rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń tà, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Káfíńtà tí ó bá mọ iṣẹ́ kì í fi ayùn bẹ̀rẹ̀. Ojú ni yóò kọ́kọ́ fi wò ó, yóò fi ìka tẹ ẹsẹ̀ férémù, yóò sì fi orí ìṣó gún un láti mọ ibi tí ìjẹrà dé. Bí ó bá jẹ́ pé híńjì ni ó gbó, híńjì ni yóò pàrọ̀. Yóò fi èèkàn igi kékeré dí ihò ìṣó àtijọ́, kí ìṣó tuntun lè rí nǹkan dì mú. Bí etí ìsàlẹ̀ bá jẹrà, yóò gé e kúrò títí yóò fi dé ibi tí igi ti mọ́, yóò sì fi igi irú rẹ̀ lé e. Ìgbà tí iṣẹ́ yìí yẹ náà ṣe pàtàkì. Nígbà òjò, igi máa ń mu omi, a sì wú, fèrèsé a há. Onísùúrù díẹ̀ yóò sáré mú ìfági, yóò fá a títí yóò fi wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí igi bá súnkì, àlàfo tí ọwọ́ ọmọdé lè gbà yóò yọ láàárín awẹ́ méjèèjì, eruku àti ẹ̀fọn yóò sì rí ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a fá fèrèsé, bí ó ti wù kí ó há tó nínú òjò. Ní ti ikán, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣì ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò tán kun ẹ̀yìn férémù tí yóò kan amọ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára, ikán pàápàá kò sì fẹ́ ẹ.

Ohun tí ó léwu jù kò sí lára fèrèsé rárá, òkè rẹ̀ ni ó wà. Nínú ilé amọ̀, pákó líle ni àtẹ́rígbà tí ó ru ògiri tí ó wà lókè fèrèsé. Ikán lè ti jẹ inú rẹ̀ tán kí ojú rẹ̀ ṣì dán. Férémù àtijọ́ tí a rò pé kò wúlò mọ́ lè ti di òpó tí ń gbé gbogbo ẹrù náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ àlùmíníọ̀mù nìkan bá dé, tí wọ́n bá fi irin wa férémù yẹn jáde lójijì, ògiri lè tẹ̀lé e. Ọgbọ́n tí àwọn bíríkìlà àgbà ń lò ni pé kí a kọ́kọ́ fi igi gbé òkè ró, kí a yọ fèrèsé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi àtẹ́rígbà tuntun sí i kí a tó kan òmíràn. Bí ògiri bá sì ti lanu, títún un ṣe ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí aláǹgbá máa ń ṣe sí irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ẹbí tó wọlé. Nínú àṣà wa, nígbà tí bàbá bá kú láìpín ilé rẹ̀, ilé náà di ti gbogbo ọmọ. Nínú ilé púpọ̀, bàbá tìkára rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ yàrá tí ó sùn sí, nítorí inú ilé ni wọ́n sin ín sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe, ìbáà ṣe gbogbo fèrèsé ni ó pàrọ̀, ilé ẹbí náà ni yóò máa jẹ́. Kò lè tìtorí gíláàsì sọ pé yàrá ti di tòun. Ohun tí ń ba àwọn àgbà lẹ́rù nìyí. Wọ́n ti rí i níbòmíràn pé fèrèsé ni ó kọ́kọ́ yípadà, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà orúkọ tí ó wà lórí ìwé.

Ìgbìmọ̀ ẹbí ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, lọ́dọ̀ olórí ẹbí. Àwọn kan ṣì rò pé ọkùnrin nìkan ni ó lè jẹ́ olórí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti ọdún 1908, lórí ilé Olóyè Mábìnúorí tí ó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọ tí ó dàgbà jù lára àwọn tí ó wà láàyè ni olórí ẹbí lẹ́yìn àkọ́bí, ìbáà ṣe obìnrin. Ní ti owó, idí-igi ni àwọn mìíràn fi ń pín in, ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan a mú ìpín kan wá. Àwọn mìíràn ń lo orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀. Idí-igi yìí ni ẹjọ́ Danmole dá lé lórí, lórí ogún Suberu Dawodu tí ó kú ní 1940, tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ idí-igi múlẹ̀. Ní Ìgbò-Ọrà tí ìbejì pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, ìṣòro kan tún wà tí ilé ẹjọ́ kò yanjú: bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá jẹ́ àkọ́bí, ta ni yóò kọ́kọ́ dá owó, ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde ni, tàbí ẹni tí ó rán an níṣẹ́?

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gba àṣẹ kí ó tó pàrọ̀ fèrèsé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ fèrèsé ilé àtijọ́ ibẹ̀. Férémù méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ gòkè tí wọ́n sì ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ irin tàbí òjé tí a fi pamọ́ sínú àpótí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ìwúwo fèrèsé àti ti irin lè dọ́gba. Bí okùn bá já, fèrèsé yóò já wálẹ̀, wọn a sì fi igi tì í bí a ti ń ṣe nílé. Síbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé àjogúnbá ti ìjọba kò lè yọ ọ́ láìgba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, láti 1696 di 1851, wọ́n gba owó orí lórí iye fèrèsé, àwọn mìíràn sì fi bíríkì dí tiwọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Èkó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wó lulẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Kí a má sì purọ́ fún ara wa, onígíláàsì ní èrè tirẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé nígbà òjò, ó sì rọrùn láti fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nígbà tí awẹ́ pákó méjèèjì ń ṣí ojú fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Nínú oṣù kẹta, tí iná bá lọ tí fáànù kò yí, ẹni tí ó sùn sínú yàrá ni yóò mọ ìyàtọ̀. Ẹni náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ni opó bàbá. Òun ni ó ń fi aṣọ dí àlàfo nígbà ìjì, òun ni ó ń gbọ́n omi òjò lórí ẹní. Níwọ̀n bí àṣà kò ti fún un ní ìpín nínú ilé ọkọ rẹ̀, wọn kì í sábà pè é sí ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fèrèsé. Àbùkù ńlá ni èyí lára ìpàdé ẹbí. Ẹnu rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí ó há, èyí tí ó ń jò, àti èyí tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Níbi tí ẹbí bá ti fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n sábà máa ń gbà pé kí fèrèsé iwájú ilé wà bí bàbá ti ṣe é, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì sí i nínú. Onígíláàsì lè lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn awẹ́ tí wọ́n bá sì yọ kì í ṣòfò. Káfíńtà yóò mú ìkọ́ àti híńjì tí ó bá ṣì dára, ìyókù yóò gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a ó sì rí i láìpẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kùn ilé ewúrẹ́, pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé bàbá lára rẹ̀.