Ẹrù Kíkó Kì í Ṣe Ìkọ̀sílẹ̀

 

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ìlà aláṣọ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kó kúrò nílé ọkọ. Ọkùnrin mìíràn wá fẹ́ mú un lọ sí rẹ́jísírì. Ó fi ìwé kóòtù ìbílẹ̀ hàn mí pé wọ́n ti tú àwọn ká. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti so yín pọ̀ tẹ́lẹ̀?" Ó ní rẹ́jísírì náà ni. Mo lanu, mi ò lè pa á dé.

Ẹ gbọ́ o. Ìgbéyàwó ilé, tí wọ́n gba owó orí, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń tú u. Yìgì náà, wọ́n ń gbọ́ ẹ níbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá wa níbí. Ṣùgbọ́n ti rẹ́jísírì, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ìjọba, háí kọ́ọ̀tù nìkan ni, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970 ṣe wí. Bí ẹ bá ṣe ìdána lánàá, tí ẹ lọ sí rẹ́jísírì lónìí, ti rẹ́jísírì ṣì dè yín. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹlòmíì lórí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7.

Bí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, ẹ sábà máa ní láti kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ adájọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó fi hàn pé ilé ti tú pátápátá: bóyá ọkọ ṣàgbèrè tí ara yín ò lè gbà á mọ́, bóyá ó ti fi yín sílẹ̀ fún ọdún kan, bóyá ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí òun náà ò sì takò ó. Tó bá pé ọdún 3, kò di dandan kó gbà. Ọdún mẹ́fà Ìyá Ìbejì tó lọ́pọ̀lọpọ̀, kóòtù ló kù! Bí adájọ́ bá sì tú u, ẹ má tíì jó o, oṣù 3 ni ẹ óò dúró kó tó fìdí múlẹ̀.

Ní ti ọmọ, ohun tó dára fún ọmọ ni háí kọ́ọ̀tù ń wò, kì í ṣe ẹni tó pariwo jù. Ní ti ìsọ̀, ohun tí ẹ fi owó yín rà, tiyín ni, ṣùgbọ́n rìsíìtì ni yóò sọ̀rọ̀. Èmi alára, orúkọ bàbá àwọn ọmọ ni mo fi sí rìsíìtì ilẹ̀ mi, mo ní mo ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ má bá mi ṣe irú ẹ̀.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó wá àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA lọ, wọ́n ń ran obìnrin lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì ti gbé ìwé rẹ̀ lọ fún lọ́yà lọ́jọ́ Ajé. Aṣọ ìgbéyàwó ṣì wà lọ́dọ̀ téló, a ò tíì san àṣẹ́kù.