Iwájú Ni Agbára Ọkọ̀ Kékeré Wà

Àwọn tó ń ra ọkọ̀ kékeré tuntun máa ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á àti bó ṣe ń jẹ epo sí. Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù béèrè kó tó sanwó: táyà wo ló ń fa ọkọ̀ yìí, báwo sì ni agbára ẹ́ńjìnnì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ táyà náà? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ á mọ ìdí tí àyè fi pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, á sì mọ ibi tí ìnáwó máa gbà wọlé bí kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí kò ní búùtù tó yọ sẹ́yìn, tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn àti gíláàsì rẹ̀ jọ ń ṣí sókè. Ẹ jẹ́ ká mú Suzuki Swift tó jáde ní Íńdíà ní 2018. Mítà 3.84 péré ni gígùn rẹ̀, nígbà tí Toyota Corolla oníbúùtù ti ìsinsìnyí gùn ju mítà 4.6 lọ. Òfin owó orí wà lára ohun tó mú kó kúrú bẹ́ẹ̀. Láti 2006 ni ìjọba Íńdíà ti ń dín owó orí kù fún ọkọ̀ tí kò bá gùn ju mítà 4 lọ, tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù rẹ̀ kò sì ju 1200 cc lọ. Síbẹ̀, àgbàlagbà mẹ́rin á jókòó sínú Swift, ẹrù ọjà wọn á sì tún ráyè lẹ́yìn.

Kí ẹ lè mọ ibi tí àyè náà ti wá, ẹ kọ́kọ́ rántí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́un. Gbọọrọ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nà níwájú, gíà tẹ̀lé e, irin gígùn kan sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ bá dífù lẹ́yìn, nítorí táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ. Irin yẹn ló fa gegele tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó sáàárín lẹ́yìn mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó ní láti ya ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, kó ya èkejì sósì. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì iwájú ni wọ́n sì ń kó ẹrù sí, ìwọ̀nba ẹrù ló sì ń gbà.

Rògbòdìyàn 1956 lórí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Epo wọ́n ní Ìlú Ọba, ilé iṣẹ́ BMC sì ní kí Alec Issigonis ya ọkọ̀ kékeré tí kò ní máa mu epo púpọ̀. Ọkọ̀ náà ni Mini, tó jáde ní 1959, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ. Issigonis fi ẹ́ńjìnnì dábùú, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ó gbé gíà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dábùú, iwájú ọkọ̀ kúrú. Bí irin gígùn sì ṣe kúrò lábẹ́, ilẹ̀ ọkọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ ríbi nà sí. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ ọkọ̀ náà ló jẹ́ ti èèyàn àti ẹrù.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù: ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti gíà Mini jọ ń lò. Dante Giacosa, ẹni tó ń ya ọkọ̀ fún Fiat ní Ítálì, ló yanjú rẹ̀. Nínú Autobianchi Primula ti 1964, ó so gíà mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì wá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọ́ìlì tirẹ̀. Ọkọ̀ yẹn náà ní ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sókè lẹ́yìn. Nígbà tí Volkswagen Golf fi máa dé ní 1974, ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun náà ló sì wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà lónìí. Nítorí náà, ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gé kúrú. Ètò ara rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Bí agbára ṣe ń rìn nínú rẹ̀ nìyí. Epo àti atẹ́gùn jóná lórí písítìnnì, písítìnnì ń lọ sókè sódò, ó ń yí irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gíà gba yíyí náà, ó dín eré rẹ̀ kù kí agbára lè pọ̀ sí i. Dífù, tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú gíà, pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì, torí bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà tó wà lóde máa ń rìn jìnnà ju èyí tó wà nínú lọ. Láti ara dífù ni ṣáàfùtù méjì ti jáde, ọ̀kan sábà máa ń gùn ju èkejì lọ nítorí gíà kò sí láàárín gbùngbùn.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti le. Táyà iwájú ní láti máa fa ọkọ̀, kó sì tún máa yà sọ́tùn-ún sósì, kó máa lọ sókè sódò lórí kòtò. Báwo ni irin tó ń yí ṣe máa ká láìdúró? Bí wọ́n bá fi oríkèé lásán sí i, irú èyí tó wà lára ọkọ̀ àtijọ́, eré táyà á máa yára, á sì máa falẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, síárìn á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Ford, rí ojútùú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Orí ṣáàfùtù náà rí roboto, ó wọnú ago irin bí orí eegun ìtan ṣe wọnú ihò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló wà láàárín wọn, tí wọ́n ń yí nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún wọn. Bó ti wù kí táyà yà tó, àárín méjì igun náà gan-an ni àwọn bọ́ọ̀lù yìí ń dúró sí, ìdí nìyẹn tí eré tó wọlé fi ń bá eré tó jáde dọ́gba.

Ẹ yí síárìn dé òpin, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú. Ẹ ó rí rọ́bà dúdú kan tó ṣẹ́po léraléra, tí okùn irin dì í lórí àti nídìí. Girísì tí àwọn bọ́ọ̀lù náà ń rìn nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Bí rọ́bà yìí bá ya, girísì á fọ́n sí inú rímù, iyanrìn àti omi ẹrẹ̀ á wọlé, wọ́n á sì máa lọ irin náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó máa gbọ́ ka-ka-ka bí ẹ bá yà kọ́nà pẹ̀lú eré. Rọ́bà kò wọ́n, orí ṣáàfùtù ló wọ́n.

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Orí ọkọ̀ kékeré ni iwájú rẹ̀. Bó bá ku awakọ̀ nìkan nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló wà lórí táyà iwájú. Táyà méjì yìí ló ń fa ọkọ̀, àwọn ló ń darí rẹ̀, àwọn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Wọ́n á tètè jẹ ju tẹ̀yìn lọ. Ní nǹkan bíi 10,000 kìlómítà, ẹ pààrọ̀ ipò wọn, kí tẹ̀yìn bọ́ síwájú. Bí ẹ bá sì kó ẹrù wúwo sẹ́yìn tí ẹ ń gun òkè Ìbàdàn tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ lásìkò òjò, ìwúwo á sún sẹ́yìn, táyà iwájú á sì máa yọ̀. Ẹ má tẹ epo ní àtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ rọra fà á.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀. Ẹ dá àga ẹ̀yìn dé, àpótí fìríìjì kékeré á wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri láàárín ẹrù àti èèyàn. Ohunkóhun tí ẹ kò bá so mọ́lẹ̀ á wá bá yín níwájú bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù síbẹ̀ rárá, torí atẹ́gùn kan náà ni òun àti ọmọ yín jọ ń mí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Bí táyà bá ti pẹ́, ọkọ̀ náà lè ti pẹ́ nínú ọgbà àwọn tó ń tà á. Ẹ rí i pé nọ́ńbà oníwúnrẹ̀n 17 tó wà lára ọkọ̀ bá ti ìwé mu. Ní 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi eré àsápajúdé wà á, kí òrùka písítìnnì lè bá ògiri ihò rẹ̀ mọ́wọ́ ara wọn. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá sì dárúkọ ni kí ẹ lò. Bí ó bá ní 0W-20, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da 20W-50 sí i torí pé oòrùn wa mú. Ojú ọ̀nà ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì tuntun tín-ín-rín, ọ́ìlì tó nípọn kì í tètè débẹ̀ láàárọ̀.

Rọ́bà mẹ́rin ló wà lára ṣáàfùtù méjèèjì: ọ̀kan lẹ́yìn táyà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, lọ́tùn-ún àti lósì. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yín sókè láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ní kí mẹkáníìkì tan iná sí wọn lójú yín. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ló sì lè gba ṣáàfùtù yín sílẹ̀.